Ìyá Kò Ní Kú ní Orí Kìn-ín-ní

Ọjọ́ tí ìròyìn dé, Tẹjúmọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Palace, ó ń wọ bàtà fún ọmọ kan tí kò fẹ́ na ẹsẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ó rí orúkọ Àǹtí Lucy, olóòtú ilé ìtẹ̀wé tó fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí láti ìgbà òjò. Ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sáré jáde sí ẹ̀bá títì.

"Tẹjúmọ́lá, bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó," ni Àǹtí Lucy wí. "A gba ìwé rẹ! Gbogbo wa la kà á. Ọmọkùnrin inú ọyẹ́ yẹn, háà! Akọ̀wé wa ní òun ò rí oorun sùn."

Tẹjúmọ́lá fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń fọn fèrè létí rẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ohun kan péré ló kù," ni Àǹtí Lucy ń bá a lọ. "Ìyá yẹn gbọ́dọ̀ kú."

"Ó ti kú, mà," ni Tẹjúmọ́lá dáhùn.

"Ó ti kú? O ti tún un kọ? Háà, o mọṣẹ́ o! Orí kìn-ín-ní ni a ti fẹ́ kó kú o, kó má pẹ́ rárá."

Ìgbà yẹn ló tó yé Tẹjúmọ́lá pé ìyá inú ìwé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe Morọ́lá, ìyá tó bí òun, tí wọ́n gbé lọ sin sí Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kẹ̀kẹ́ náà tún fọn fèrè. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Mo ń bọ̀ wá rí yín." Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi bàtà ọ̀tún wọ ọmọ náà ní ẹsẹ̀ òsì.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ìyá ṣe dé inú ìwé náà. Nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Okota, Morọ́lá ní òfin kan: ọmọ kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní géètì tó ní, "Tẹjú!", kì í ṣe Tẹjú ni yóò dáhùn. Morọ́lá ni. Ì báà wà nídìí gáàsì, ì báà máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, yóò gbé orí sókè, yóò sì fi ohùn Ẹ̀gbá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa omi kànga: "Ta ló ń pè é o? Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹni tó bá lè dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ á wọlé, á sì jẹun. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ wọn á wábi gbà. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Ọmọ-Ta-Ni-Ọ́. Nígbà tí Tẹjú bàlágà, ojú ń tì í. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun máa dáhùn fúnra òun.

"Bí mo bá kú, wàá máa dáhùn fúnra rẹ," ni Morọ́lá wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Tẹjú jókòó tì í, ó ń sọ ìtàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò fún un. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnmi. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́yẹ́, tó fi ọyẹ́ bora bí aṣọ, tó ti ìlú kan lẹ́yìn ìkùukùu wá. Bí ọyẹ́ bá mú ní ìdájí, á dúró lójú fèrèsé, á pe Ayọ̀kúnmi lórúkọ. Bí ọmọbìnrin náà bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, á bá a lọ, kò sì ní padà mọ́.

"Ó lẹ́wà?" ni Morọ́lá béèrè.

"Ó lẹ́wà gan-an, Mọ́mì. Ojú rẹ̀ ń dán bí ìrì."

"Ọmọ ta ni?"

"Mọ́mì, ọmọ ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ wo? Ọyẹ́ ò ní ìyá ni? Ó dúró lójú fèrèsé olómọge, kò kí ẹnikẹ́ni, o ní ó lẹ́wà. Ìyá Ayọ̀kúnmi ńkọ́? Ó lọ sọ́jà ni?"

Tẹjú rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó láti kọ ìtàn náà sílẹ̀, ìbéèrè yẹn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọlọ́yẹ́ pe Ayọ̀kúnmi, ohùn ìyá ló sì ti inú ilé jáde: "Ta ló ń pè é o? Ọmọ ta ni ọ́?" Kò sí ẹni tó bi Ọlọ́yẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Kò mọ èsì. Ó padà sẹ́yìn ìkùukùu lọ wádìí ara rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá padà dé ojú fèrèsé, èsì díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, Ayọ̀kúnmi á sì gbọ́ ọ láti inú yàrá; bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe ń ta gbòǹgbò. Ìbéèrè náà di òpó tó gbé ìtàn ró.

Morọ́lá gbọ́ ọ títí dé ibi tí Ọlọ́yẹ́ ti rí ìyá tirẹ̀ níwájú iná tó ti kú, níbi tó jókòó sí tó ń retí rẹ̀. Kò gbọ́ ìparí. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e dé ọsibítù, kò sì bá wọn padà wálé.

Ọ́fíìsì Àǹtí Lucy wà ní Ìsọlọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, òórùn ọ̀dà sì wà lára gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún Tẹjúmọ́lá ní omi tútù, ó fà á mọ́ra, ó pè é ní àbúrò òun.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Mo ti ń ṣe ìwé àwọn ọ̀dọ́ tipẹ́. Ìtàn ìfẹ́ tó ní idán nínú, ó ní bí wọ́n ṣe ń sè é. Bàbá ò sí nílé. Ìyá ti kú, tàbí kó jẹ́ òǹrorò. Ọmọ gbọ́dọ̀ dá wà kó tó lè rìn jìnnà. Ta ló fẹ́ ka ìfẹ́ tí ìyá jókòó sáàárín rẹ̀, tó ń béèrè pé ọmọ ta ni ọ́?"

"Èmi, mà."

Àǹtí Lucy bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ ọ́ ná! Wò ó, ìyá yẹn dùn. Òun ló tiẹ̀ dùn jù nínú ìwé náà, ìyọnu tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ kó kú, kí ọmọ máa rántí rẹ̀. Omijé á wà níbẹ̀. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn omijé."

"Àwọn tí ìyá tiwọn ti kú ńkọ́, mà?"

"Báwo?"

"Àwọn òǹkàwé tí ìyá wọn ti kú lóòótọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ràn?"

Àǹtí Lucy wò ó. Ó to àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ tí kò nílò títò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Lọ rò ó. Bí o bá tún un ṣe, á jáde kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó gba ọlidé. Bí o kò bá tún un ṣe, a ò ní lè tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kó jáde o, Tẹjúmọ́lá. Má jẹ́ kí obìnrin orí bébà kan dí ọ lọ́nà."

Obìnrin orí bébà. Tẹjúmọ́lá gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí òkúta inú bàtà.

Bàbá rẹ̀, Adéyínká, ti ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike dé, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, ó tún wá dín kù sí i. Tẹjú ní ìrètí pé á bínú. Ó fẹ́ kí ẹnìkan bá òun bínú.

"Dádì, wọ́n ní kí n pa ìyá inú ìwé kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́."

"Ìyá inú ìwé, ṣé ìyá rẹ ni?"

"Òun ni, sà."

Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀ lórí apá ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. "Pa á," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Dádì!"

"Ìyá rẹ fẹ́ rí orúkọ rẹ lára ìwé. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ ọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé òun ló dí i lọ́nà, òun fúnra rẹ̀ á ní kó o pa òun." Kò gbé ojú sókè. "Ìwé ni, Tẹjú. Kò lè dùn ún mọ́."

Nítorí náà, ó pa á. Ó jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó fi àìsàn ṣe ìyá Ayọ̀kúnmi, ó sì sin ín. Ikú náà kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Èyí gan-an ló bí i nínú, pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ń kún ilé, tó ń dé títì, kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà, ó tún ojú fèrèsé kọ. Ó rọrùn. Ọlọ́yẹ́ pè, ilé dákẹ́, Ayọ̀kúnmi sì jẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Lateefah, ará ilé wọn, ìyá aláṣọ tó wá láti Ìsẹ́yìn, jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí ọpọ́n. Lateefah ọmọ rẹ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń di irun ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti mọ ìtàn náà láti ìgbà ayé Morọ́lá, Lateefah sì ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́yẹ́ lòun máa fẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n ka tuntun fún yín," ni Tẹjú wí. Ó kà á dé ojú fèrèsé. "Ọlọ́yẹ́ pè é, ó jẹ́ ẹ. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ ẹ. Ó pè é…"

"Dúró ná," ni Ìyá Lateefah wí. "Ta ló ń jẹ́ ẹ?"

"Ayọ̀kúnmi ni, mà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kú, mà. Ní orí kìn-ín-ní."

"Àá! Ọlọ́run á forí jì í." Ìyá Lateefah gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìyá yàrá kejì ńkọ́?"

"Mà?"

"Ṣé inú igbó lọmọ yẹn ń gbé ni? Ọkùnrin wá dúró lójú fèrèsé ní ìdájí, ó ń pe ọmọ aláìníyàá ní àpètúnpè, gbogbo àdúgbò wá sùn lọ fọnfọn? Èmi ńkọ́? Tẹjú, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ta ló ń dáhùn ní géètì yìí?"

Tẹjúmọ́lá yíjú sí géètì. Òótọ́ ni. Láìpẹ́ yìí, nígbà tí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀ láti ìta, ohùn Ìyá Lateefah ló ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde: "Ẹ̀yin ta nìyẹn? Kí lẹ fẹ́ bá a sọ?" Ó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà òkú, kò sì fìgbà kan rò pé òun ń gbọ́ nǹkan kan.

"Mọ́mì, ìtàn ni," ni Lateefah wí.

"Ìtàn kọ́, irọ́ ni! Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ yẹn dá wà, àfi kí wọ́n yáa pa èmi náà. Kí wọ́n pa Ìyá Ìléríolúwa tó ń ta búrẹ́dì. Kí wọ́n pa gbogbo Okota, kó ku àwọn méjèèjì. Ìgbà wo ni wọ́n á wá ráyè fẹ́ra wọn, nígbà tí òkú pọ̀ tó báyìí nílẹ̀ láti sin?"

Tẹjú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló sì fẹ́ jáde.

"Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn Ọlọ́yẹ́ mọ́," ni Lateefah wí jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú irun. "Tẹ́lẹ̀, tí ìyá bá bi í, tó bá lọ, tó tún padà wá, mo máa ń mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Báyìí, ó kàn pè é, ó mú un lọ. Bí olè ló ṣe rí."

Wọn kò mọ ìgbà tí Adéyínká jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dá a padà," ó ní.

"Dádì?"

"Mo ní kó o pa á. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ." Ó fi ọwọ́ ti ara ilẹ̀kùn. "Ibi tó bá ti ṣeé ṣe, Tẹjú, dá a padà."

Ó yípadà wọlé. Ìyá Lateefah gbé ọpọ́n rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Tẹjúmọ́lá fa ojú ìwé tuntun náà ya, ó ya á wẹ́wẹ́, ó sì dà á sínú garawa ìdọ̀tí níṣojú wọn.

Kò fi fóònù pe Àǹtí Lucy. Ohun tó tó báyìí, ojú ni a fi í sọ ọ́. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí Ìsọlọ̀, ó gun àtẹ̀gùn olóòórùn ọ̀dà náà, ó sì dúró níwájú tábìlì.

"O ti pa á?" ni Àǹtí Lucy béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo pa á, mà. Kò kú."

"Báwo ni kò ṣe kú?"

"Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan, mà, ní Abẹ́òkúta, mo dúró ti sàréè títí wọ́n fi dí i. Mi ò sin ín mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àǹtí Lucy. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ orí fóònù ọjọ́sí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. "Yéè. Pẹ̀lẹ́. N ò mọ̀, Tẹjúmọ́lá, n ò mọ̀." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ó dáa, kó má kú. Jẹ́ kó rìnrìn àjò."

"Ìyá mi kì í rìnrìn àjò bí ọmọ bá dá wà nílé."

"Kó dití, nígbà náà."

Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ inú wá. "Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ká tiẹ̀ ní ó dití, á gbọ́ ọ."

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ òmìnira, àbúrò mi."

"Ayọ̀kúnmi ní òmìnira, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló yan Ọlọ́yẹ́. Ìyá rẹ̀ kò dí ọ̀nà mọ́ ọn; ó kàn ní kí ẹni tó ń bọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni. Ẹ ní ọmọ gbọ́dọ̀ dá wà kó tó lè rìn jìnnà. Èmi ti dá wà. Mi ò rìn dé ibì kankan. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mò ń fi bàtà ọ̀tún wọ ẹsẹ̀ òsì."

Àǹtí Lucy na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó mú ìwé náà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì nà án sí i. "Kò ní bá tiwa mu. Bóyá ilé ìtẹ̀wé mìíràn á gbà á. Ṣùgbọ́n má retí púpọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún ọ."

"Ohun kan náà ni èmi náà máa sọ fún wọn, mà."

"O lórí kunkun o!"

"Mo jogún rẹ̀ ni."

Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní àfojúdi. Ó sì gbé ìwé rẹ̀ lọ, nítorí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ojo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kún. Lateefah ló pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ Ọlọ́yẹ́ gidi, kì í ṣe Ọlọ́yẹ́ olè. Ìyá Lateefah kò tíì ti ọjà dé. Adéyínká gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ti já. Tẹjúmọ́lá ń kàwé fún wọn. Ó dé ibi tí ọyẹ́ ti bo ojú fèrèsé, tí Ọlọ́yẹ́ ya ẹnu láti pe Ayọ̀kúnmi. Àwọn ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn.

"Lateefah!"

Láti ìta géètì ni. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúwo. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgúnpá ta Lateefah níhà, ẹ̀rín sì fẹ́ bẹ́. Lateefah gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì níbi tí ìyá rẹ̀ kò sí, ó tún wo Tẹjú.

"Lateefah!"

Tẹjúmọ́lá da ojú ìwé náà délẹ̀, ó dìde. Kò mọ̀ pé ohùn náà wà nínú òun títí ó fi jáde, ohùn Ẹ̀gbá, ó gùn bí okùn kànga, ó sì gba orí géètì kọjá sí títì:

"Ta ló ń pè é o? Ọmọ ta ni ọ́?"

Lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Adéyínká. Kò wá a. Ó gbé orí sókè, ó sì ń tẹ́tí.

Ìta dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wú ikọ́. "Zakariyah ni, mà. Ọmọ Alhaji Mísbáù ni mí, ti òpópónà kejì. Àrìnkẹ́ lorúkọ ìyá mi. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Lateefah fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Tẹjúmọ́lá rìn lọ sí géètì, ó sì ṣí i.

"Wọlé," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Kò dúró de èsì. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ, ó mú àwo, ó sì bu oúnjẹ sí i.